PIKIN: Ọ̀RỌ̀ KÉKERÉ TÍ Ó RÌN JÌNNÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ kan tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ọ̀kan nínú wa, ẹni tí a bí tí a sì tọ́ ní Ajégúnlẹ̀, ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún wa. Ó ní bí òun bá ti yọ lọ́nà, ohun tí ìyá òun máa ń fi ariwo kígbe sí àwọn ará ilé ni pé, “My pikin don come!” Ẹnìkejì fajú ro. Ó ní òun kà á nínú ìwé pé ọ̀rọ̀ ẹrú ni ọ̀rọ̀ náà, pé òun ni àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà fi ń bú ọmọ adúláwọ̀ láyé àtijọ́, àti pé kò yẹ kí ẹnu ọmọ Yorùbá tí ó mọ̀wé máa pè é. Ará Ajégúnlẹ̀ wò ó títí, ó ní, “Ṣé ìyá mi wá ń bú mi ni?”

Gbogbo wa dákẹ́. Èmi náà kò rí èsì fọ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo sì lọ wá ìdí rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí mo rí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre, àti pé àwa tí a dákẹ́ náà ní ẹjọ́ tiwa láti rò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ ènìyàn, kì í sì í ṣe orúkọ ohun kan. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni. Ní èdè àwọn Potogí, pequeno ni ‘kékeré’. Bí ohun náà bá wá kéré jọjọ, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ fi ìkẹ́ pè é, wọn a ní pequenino, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti máa ń fi ‘kékeré’ sílẹ̀ tí a ó wí pé kínńkínní tàbí bíńtín. Ilé kékeré, ajá kékeré, àwo kékeré, ọmọ kékeré: gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí bá lọ. Àwọn ará Sípéènì tí ó múlé tì wọ́n ń pe tiwọn ní pequeño, àwọn Ítálì sì ní piccolo. Látìn àwọn akọ̀wé àtijọ́ ní parvus fún ‘kékeré’, ṣùgbọ́n pequeno kò ti ibẹ̀ wá. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ni, irú ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlọ́ ni mo ń pa. Ẹ fi etí sí èdè tiwa. Kínńkínní, bíńtín, tíntín, kíún: ẹ wò ó bí ẹnu ti ń fún pọ̀ bí a ti ń pè wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ní little, Ìgbò ní ntakịrị. Ní 1929, Edward Sapir, onímọ̀ èdè kan ní Amẹ́ríkà, dá ọ̀rọ̀ méjì tí kò ní ìtumọ̀ rárá, mil àti mal. Ó ní kí àwọn ènìyàn kà wọ́n sí orúkọ tábìlì méjì, kí wọ́n sì sọ èyí tí ó tóbi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní mal ni. Àwa Yorùbá tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn nìkan tó fún wa láti fi ya ńlá kúrò lára kékeré: ohun tí ó rí rógódó kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tí ó rí rògòdò.

Láti ‘kékeré’ dé ‘ọmọ’, ọ̀nà kò jìn. Bí ẹnìkan bá wí pé, “Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n,” kò sí ẹni tí yóò bi í pé kékeré kí ni. Àwọn Potogí a máa pe àwọn ọmọ wọn ní os pequenos, ‘àwọn kékeré’. Àwọn Faransé a máa pe ọmọ ẹranko ní petit, ọ̀rọ̀ wọn fún ‘kékeré’. Àwọn Ìgbò so méjèèjì pọ̀, wọ́n ń pe ọmọdé ní nwatakịrị, ‘ọmọ kékeré’. Àwa ẹ̀wẹ̀ a tún máa gba ọ̀nà náà padà, a ó fi ‘ọmọ’ pe ohun tí ó kéré: ọmọ ọlọ, ọmọ odó. Ta ni ó bí wọn? Wọ́n kéré sí èyí tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ni a ṣe sọ wọ́n ní ọmọ rẹ̀.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ Potogí ṣe gúnlẹ̀ sí etí òkun wa? Ní nǹkan bí 1472 ni ọkọ̀ Potogí tí Ruy de Sequeira jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọjá ní agbègbè Èkó. Ní 1482 wọ́n kọ́ ilé olódi sí Elmina, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n dé Benin. Nítorí náà, èdè òyìnbó tí àwọn ará etí òkun kọ́kọ́ gbọ́ ni ti Potogí. Wọn kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ọ. Ní orí omi àti ní ọjà ni wọ́n ti ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Sabi tí à ń wí lónìí, saber ti Potogí ni, tí í ṣe ‘mọ̀’. Palaver, palavra ni, tí í ṣe ‘ọ̀rọ̀’. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ọkọ̀ Thomas Windham wá dé ààfin Ọba Benin ní 1553, èdè Potogí ni ọba fi bá wọn sọ̀rọ̀. Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò wọn sọ pé láti kékeré ni ọba náà ti kọ́ ọ. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wá ń pọ̀ sí i, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n bá nílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń bá àwọn ará etí òkun sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn lè rò pé àwọn Àgùdà ni ó mú pikin wá, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tẹ Pópó Àgùdà dó. Òótọ́ ni pé wọ́n mú èdè Potogí bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ẹnu àwọn adúláwọ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú wọn. Ẹlẹ́rìí wa ni ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Richard Ligon. Ó gbé ní erékùṣù Barbados láti 1647 dé 1650, a sì tẹ ìwé rẹ̀ ní London ní 1657. Nínú ìwé náà, pickaninny ni ó pe ọmọ àwọn ẹrú. Ẹ ro ó wò: Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni Barbados, kì í ṣe Potogí, síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Potogí ni a fi ń pe ọmọ ní oko ìrèké Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ẹrú ni ó gbé e kọjá òkun.

Ibi gbogbo tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀. Ní Guinea-Bissau, níbi tí Potogí ti pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni ó ṣì jẹ́: pikininu ni ‘kékeré’. Ní Suriname, tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ dó tí wọ́n sì fi lé àwọn Dutch lọ́wọ́ ní 1667, àwọn ènìyàn ń sọ èdè kan tí ń jẹ́ Sranan títí di òní. Nínú èdè náà, pikin ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: mi pikin ni ‘ọmọ mi’, wan pikin oso sì ni ‘ilé kékeré kan’. Ní Jàmáíkà ó di pickney. Ní Freetown, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ti bọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, pikin náà ni nínú èdè Krio. Ó tilẹ̀ dé òkun Pàsífíìkì. Láti 1863 ni a ti ń kó àwọn ará erékùṣù ibẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní oko Queensland ní Ọsirélíà, irú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn atukọ̀ ń sọ sì bá wọn délé. Lónìí ní Papua New Guinea, pikinini ni ‘ọmọ’. Èso igi pàápàá, pikinini bilong diwai ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ‘ọmọ igi’.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Àwọn olówó ẹrú ní Amẹ́ríkà gba pickaninny, wọ́n sì fi ṣe orúkọ fún ọmọ adúláwọ̀ nìkan. Wọn kì í fi pe ọmọ tiwọn. Nígbà tí òwò ẹrú parí níbẹ̀ ní 1865, èébú náà kò parí. Wọ́n ń ya àwòrán ọmọ adúláwọ̀ sí ara káàdì ìkíni, sí ara ohun ìṣeré àti sí ara páálí ọjà, ní ìhòòhò ẹsẹ̀, pẹ̀lú irun játijàti, nígbà mìíràn tí ọ̀nì ń lé e bọ̀, kí àwọn ènìyàn lè rí i rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1968, Enoch Powell dìde ní Birmingham láti sọ̀rọ̀ tako àwọn àjèjì tí ó wá gbé ní ìlú wọn, ó sì fi ọ̀rọ̀ yìí pe ọmọ wọn. Ní 2002 Boris Johnson, tí ó di olórí ìjọba ibẹ̀ ní 2019, kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé ìròyìn nípa àwọn adúláwọ̀ tí ń ju àsíá pàdé Ọbabìnrin. Ní 2008, nígbà tí ó ń wá ipò olórí ìlú London, ó tọrọ àforíjì. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ wa tí ó fajú ro kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ní 2012, Charles, ọmọ Ọbabìnrin kan náà, tí ó di ọba ní 2022, bẹ Papua New Guinea wò. Ó dúró níwájú àwọn ènìyàn, ó sì fi èdè wọn pe ara rẹ̀ ní nambawan pikinini bilong Misis Kwin, èyí ni pé òun ni àkọ́bí Ọbabìnrin. Ó fi yangàn ni. Ọ̀rọ̀ tí a fi bú ọmọ ẹrú ni àrólé ọba fi ki ara rẹ̀.

Kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀? Kì í ṣe ìró, kì í sì í ṣe orísun. Ìwọ̀n ni ‘kékeré’, ẹni tí ó mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ni kí á wò. Ìyá tí ó pe ọmọ rẹ̀ ní kékeré mọ̀ pé yóò dàgbà, ohun tí ó sì ń gbàdúrà fún ni. Olówó ẹrú tí ó pe ọmọ ní kékeré kò fẹ́ kí ó dàgbà láéláé. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà: bí ọmọ náà bá di ọkùnrin, tí ó gbé ìyàwó, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, boy ni wọ́n tún ń pè é. Kíkéré tí kò ní òpin ni èébú.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, sí Àpápá. Ilẹ̀ tí ìdílé Olúwa ń ṣàkóso ni Àpápá. Ní 1913 ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa, kò gbà pé owó tí ó tọ́ sí ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni kí wọ́n san. Ó pe ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní London, Herbert Macaulay bá a lọ, wọ́n sì jàre ní 1921. Nǹkan bí ìgbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ńlá lè dúró sí ní Àpápá. Bí èbúté ti ń gbòòrò sí i ni àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ wá. Àwọn ọ̀gá gba ilé ńláńlá ní Àpápá fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń ru ẹrù kọjá sí ìhà kejì, sí Ajégúnlẹ̀.

Ẹ kíyè sí orúkọ náà: ajé gún ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ ni gúnlẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ tí omi kò ṣe àjèjì sí wà níbẹ̀. Àwọn Urhobo, Itsekiri, Ìgbò, Ìbìbíò àti Haúsá bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí Urhobo bá gbé Ìlàjẹ níyàwó, tí Ìgbò ń gbé yàrá tí ó kọjú sí tiwọn, tí gbogbo wọn sì ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan, èdè wo ni àwọn ọmọ wọn yóò sọ? Píjìn ni. Èdè tí ó ti wà létí òkun láti ayé Potogí ni ó di èdè ilé ní Ajégúnlẹ̀. Òun ni Daddy Showkey fi kọrin tí òkìkí rẹ̀ kàn. Òun ni ó yí Samson Siasia ká nígbà tí ó ń ta bọ́ọ̀lù ní òpópónà ibẹ̀ kí ó tó gbá a fún Nàìjíríà. Láti 2017 ni BBC pàápàá ti ń fi Píjìn ka ìròyìn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti wá dùn jù. Nígbà tí pikin dé ẹnu àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n bọ́ ‘kékeré’ kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì fi ‘ọmọ’ wọ̀ ọ́. Ìyá arúgbó a máa pe ọkùnrin àádọ́ta ọdún ní “my pikin”, nítorí ọmọ kì í tóbi ju ọmọ lọ lójú ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni Ajegunle pikin. Ọmọ Warri ni Warri pikin. Bí ẹnìkan bá ń lu ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ará àdúgbò a kígbe sí i pé, “No kill person pikin o!” Kí ni person pikin bí kò ṣe ‘ọmọ ọlọ́mọ’ wa? Kò sí Potogí tí ó kọ́ wọn ní ìyẹn. Òwe wa pé ọmọ tí ó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun, ẹ lọ gbọ́ ọ ní Ajégúnlẹ̀: pikin ni ó wà níbẹ̀ dípò ‘ọmọ’. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ pé ‘kékeré’ ti jáde pátápátá kúrò nínú rẹ̀, ẹ fetí sí wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọmọdé. Small pikin ni wọ́n ń wí. Bí Potogí ayé ìjọ́un bá jí, yóò rò pé ‘kékeré kékeré’ ni wọ́n ń sọ.

Nítorí náà, èsì tí mo rí fún ará Ajégúnlẹ̀ nìyí: ìyá rẹ kò bú ọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ń lò ti wà létí òkun yìí kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè, kò sì gbà á lọ́wọ́ olówó ẹrú kankan. Bí ọmọ ìta bá gba abọ́ ìdílé ẹni tí ó bu ìdọ̀tí sínú rẹ̀ níta, ìyẹn kò sọ abọ́ tí ó wà nílé di àìmọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ fún un pẹ̀lú. Bí ó bá dé Amẹ́ríkà tàbí London, kí ó mọ̀ pé etí tí yóò gbọ́ ọ níbẹ̀ kì í ṣe etí Ajégúnlẹ̀. Ọgbẹ́ àwọn ará wa tí ń gbé ibẹ̀ ṣì tutù. Ọmọlúàbí kì í fi ìka kan ojú egbò, kí ó wá ní ìka òun mọ́.

Ó ku àwa tí a dákẹ́. Ẹ bá mi rìn káàkiri àdúgbò ilé ńláńlá ní Àpápá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn òyìnbó kọ́ níbẹ̀ ni ilé kékeré kan wà, yàrá kan tàbí méjì, tí à ń pè ní bọ́ìsì kọ́tà. Àwọn tí a kọ́ ọ fún kì í ṣe ọmọdé. Alásè ni, awakọ̀ ni, olùṣọ́ ni, àwọn bàbá ọlọ́mọ. Òyìnbó ti lọ láti 1960, ṣùgbọ́n àwa náà ṣì ń kọ́ bọ́ìsì kọ́tà sẹ́yìn ilé tuntun wa, orúkọ náà kò sì korò lẹ́nu wa. Ní ilé àwọn ènìyàn wa mélòó ni ẹni ọgbọ̀n ọdún ti ń jẹ́ ‘ọmọ ọ̀dọ̀’, tí ọmọ ọdún méje ń fi orúkọ pè é? Mélòó nínú wa ni ó ti wí fún àgbàlagbà tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé, “Ìwọ, wá níbí”? A fajú ro sí pikin ẹnu ìyá Ajégúnlẹ̀, ẹni tí ó fi ìfẹ́ pè é, ṣùgbọ́n boy tí a fi kọ́ ilé kò dùn wá.

Bí a bá fẹ́ gbógun ti ọ̀rọ̀ tí ń sọ ènìyàn di kékeré títí ayé, ibẹ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tí a kò bá jẹ́ kí ó dàgbà, kò sí ìlú tí yóò bá wa dá.